Àmì Funfun Tí Kọ̀ǹpútà Ń Wọ̀n

Ní ilẹ̀ wa, láti Kétu dé Sábẹ̀ẹ́, bí àmì funfun bá yọ lára ènìyàn, ẹ̀tẹ̀ ni ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ará ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan mọ èyí dájú. Ilé ọkọ ni ó wà nígbà tí àmì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí ìka ọwọ́ rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá a jà. Wọ́n kàn ya abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ ni.

Dókítà tí a mú un lọ bá ní kí ó di ojú, ó sì fi òwú kan àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ni ó mọ̀ lára. Ojú àmì ẹ̀tẹ̀ sábà máa ń kú, kì í mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Vitiligo kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ara ni ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe àwọ̀ dúdú. Kì í ran ẹlòmíràn.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn náà sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní àmì ń tóbi, ẹlòmíràn ní ó ń kéré. Àwọn dókítà náà ti mọ ìṣòro yìí. Nínú òṣùwọ̀n VASI tí wọ́n gbé jáde ní 2004, ọwọ́ aláìsàn, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka, dúró fún nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 ara rẹ̀, ojú lásán ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n. Ojú ẹni méjì kì í rí bákan náà.

Àwòrán fóònù jẹ́ àkójọ èérún àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pixel, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà ń yí wọn padà sí òṣùwọ̀n CIELAB ti 1976, níbi tí 0 ti dúdú bí kóró iṣin, tí 100 sì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó ń fi àmì wé awọ tí ó yí i ká, ó sì ń ka èérún tí ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwọ̀ kì í padà láti etí àmì nìkan. Ó ń yọ láti ihò irun, ní tótòtó dúdú, bí ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí ilẹ̀ gbígbẹ. Etí àmì lè má kúrò níbi tí ó wà, kí ará ilé búra pé oògùn kò ṣiṣẹ́, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti ka àwọn tótòtó náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ti orí ìka kò padà, nítorí irun kì í hù níbẹ̀. Dókítà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wo àwòrán méjèèjì títí, wọn kò sọ̀rọ̀. Abọ́ ọ̀tọ̀ náà ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ilé ti ń bá a jẹun nínú rẹ̀.

Vitiligo hàn kedere lórí awọ dúdú, nítorí náà ó rọrùn láti wọ̀n. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ dá orúkọ àìsàn mọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn aláwọ̀ funfun ni Fitzpatrick kọ́kọ́ ṣe ìpín àwọ̀ ara rẹ̀ fún ní 1975. Lẹ́yìn ni wọ́n fi àwa kún un. Ní 2022, nígbà tí wọ́n fi àwòrán 656 láti Stanford dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, àṣìṣe wọn pọ̀ sí i lórí awọ dúdú. Kò sì sí kámẹ́rà tí ó lè fi òwú kan ara ẹni. Ẹni tí ojú àmì rẹ̀ bá ti kú, kí ó má dúró ti àwòrán: ilé ìwòsàn kan wà ní Pobè tí ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀, OMS sì ń pèsè oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ilé wa ni wọ́n ń ya àwòrán náà báyìí. Wọ́n á kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ibì kan náà ni wọ́n ń lò, ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì. Mo sì ti ní kí wọ́n pa ètò tí ń mú ojú dán lórí fóònù, nítorí pé àmì tí a fẹ́ wọ̀n gan-an ni ó ń pa rẹ́.