Ibòji Iwájú Ilé Wa ní Ọ̀ffà

Ìpè kan ló gbé mi lọ sílé ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ẹ̀rùn mú ganrín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ló pè mí láti Ọ̀ffà pé n kò gbọdọ̀ pa ìpàdé ẹbí ti ọjọ́ Sátidé jẹ. Oníṣòwò kan fẹ́ gba ojúde wa. Yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síbẹ̀, yóò sì san owó ọdún méjì sílẹ̀ kí ó tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn. Ohun kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn igi máńgòrò tí bàbá bàbá mi gbìn síwájú ilé.

"Igi náà ni yóò kọ́kọ́ kúrò," ni Bàbá Àgbà wí.

Ìyá mi ni ọkàn mi lọ sí. Ó ti pé ọdún méjì tí nọ́ọ̀sì ti wọn ẹ̀jẹ̀ wọn tí ó sì bá a pé ó ga ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀. Oògùn rọrùn láti lò, iyọ̀ sì ṣeé dín kù. Ìrìn náà ló ṣòro. Ọ̀nà iwájú ilé wa kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà. Ọ̀kadà ń sáré lọ, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń sáré bọ̀, oòrùn sì ń ta gbogbo wọn lórí. Ìyá mi bá wá ọgbọ́n dá. Láti ẹnu ọ̀nà ilé, wọ́n á rìn dé ìdí máńgòrò, wọ́n á yí i po, wọ́n á padà. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti yí igi náà po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fa hóró kan. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi náà pẹ̀lú àwọn obìnrin agbo ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ́ ẹ̀fọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ìròyìn ìlú.

Mo kúrò ní Ìbàdàn ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo sì gba ọ̀nà Ìwó lọ sí Òṣogbo. Nítorí ọ̀rọ̀ igi tó wà lọ́kàn mi, mo sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kí n lè dé igbó Òṣun. Kì í ṣe ẹ̀sìn ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí ara ṣe ń rí nínú igbó tí a kò gé. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, létí ìlú tí ilé ti kún dẹ́múdẹ́mú. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní ọdún 1992, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Bí mo ti kọjá ẹnu géètì, ooru já lára mi bí ẹni pé ẹnìkan bọ́ ẹ̀wù òtútù kúrò lọ́rùn mi. Ariwo ọkọ̀ dín kù. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi tó ń yára tẹ́lẹ̀ ti ń rọra rìn.

Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní irú igbó báyìí létí odi nígbà kan rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti pòórá, wọ́n ti di oko, wọ́n ti di ilé. Ti Òṣogbo ṣẹ́ kù nítorí pé àwọn kan dìde gbèjà rẹ̀. Nínú wọn ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi papòdà ní ọdún 2009. Igbó kì í dá ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àáké. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sọ́kàn nígbà tí mo wọ ọkọ̀ mìíràn, tí a gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀ffà.

Ìlú Ìyẹ̀rú Ọ̀kín kì í ṣe ìlú kékeré mọ́. Ojú irin tó ti Èkó wá gba ibẹ̀ kọjá dé Ìlọrin ní ọdún 1908. Láti ìgbà náà ni èrò àti ọjà ti ń wọ ìlú. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Federal Polytechnic, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, tún kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ wá. Bí ènìyàn ti ń pọ̀ ni ilé ń pọ̀, bí ilé sì ti ń pọ̀ ni ilẹ̀ gbalasa ń dín kù. Bẹ́ẹ̀, ìlú yìí kan náà ni a mọ̀ pé ìjàkadì ni orò rẹ̀. Ta ni yóò ja ìjàkadì lórí kọnkéré? Orò tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń béèrè ilẹ̀ gbalasa àti ibi tí èrò yóò dúró sí wòran.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti gárèjì dé ilé kí n lè wo ìlú náà dáadáa. Lábẹ́ igi dóńgóyárò kan ni fọkanáísà ń lẹ táyà. Lábẹ́ òmíràn ni àwọn ọlọ́kadà mẹ́rin jókòó sí, tí wọ́n ń dúró de èrò. Obìnrin kan tó ń ta ànàmọ́ ti ń sún àtẹ rẹ̀ bí òjìji ti ń sún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù. Níbi tí kò sí igi, kò sí ẹni tó dúró. Kálukú ń yára kọjá, ọwọ́ lójú. Ó wá yé mi pé a ti ń wá ọgbà ìgbafẹ́ kiri nígbà tí ó wà lójúde wa. Àwọn baba wa mọ èyí tí wọ́n fi ń gbin ọdán sí iwájú ààfin àti àárín ọjà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ayò, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, abẹ́ rẹ̀ náà ni arúgbó ti ń gba atẹ́gùn.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìgbàlódé kò ta ko wọn. Igi ń dènà oòrùn kí ó má baà kan ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi láti ìsàlẹ̀, ewé rẹ̀ sì ń tú omi náà sáfẹ́fẹ́ bí oruku tí a kò lè fojú rí, èyí sì ń mú ooru kúrò ní àyíká. Páànù àti kọnkéré kò ní irú ẹ̀bùn yẹn. Ooru ni wọ́n ń gbà sára ní ọ̀sán, kọnkéré á sì máa tú u jáde ní òru, nígbà tí ó yẹ kí a sùn. Ẹni tí kò sùn dáadáa kò ní jí dáadáa, àgàgà ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Ní ọdún 1984, Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn aláìsàn 46 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Fèrèsé àwọn kan kọjú sí igi, ti àwọn yòókù kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi tètè lọ sílé ju àwọn tó ń wo ògiri lọ, wọn kò sì béèrè oògùn apàrora líle tó wọn. Ní ìlú Philadelphia, wọ́n palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ lórí àwọn ilẹ̀ tí a pa tì, wọ́n gbin koríko àti igi díẹ̀ sí wọn. Àbájáde tó jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dín kù lára àwọn tó ń gbé nítòsí, ó sì hàn jù ní àdúgbò àwọn tálákà.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2019. Wọ́n bi nǹkan bí ẹgbàáwàá ènìyàn léèrè. Àwọn tó ń lo ó kéré tán 120 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ láàárín igi àti ewéko sọ ju àwọn yòókù lọ pé ara àwọn le, ọkàn àwọn sì balẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lo wákàtí méjì náà, tàbí wọ́n pín in sí díẹ̀díẹ̀. Òótọ́ ni pé ó lè jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ ló ń rí agbára jáde. Ìwádìí náà kò yanjú ìyẹn tán. Igi kò sì rọ́pò oògùn dókítà. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kò tó ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ìbàdàn ní Ọgbà Agodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń wọlé síbẹ̀, ọjọ́ ọdún sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí rẹ̀. Ta ni yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ọgbà lójoojúmọ́ nítorí ogún ìṣẹ́jú? Igi ojúde nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé, abẹ́ máńgòrò náà ni a ti ṣe ìpàdé tí yóò dájọ́ fún un. Kò sí ẹni tó rò ó; ibẹ̀ ni ó tutù jù, ibẹ̀ ni wọ́n kó àga sí.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, n kò sì lè sọ pé ó ṣì sọ. Ó ní ẹ̀ka igi náà ti fọ́ páànù lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà. Ó wá yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn ni ẹ̀ ń gbé. Èmi ni mò ń ra oògùn Ìyá lóṣooṣù, ọmọ mẹ́ta sì ń lọ sí ilé ìwé lọ́dọ̀ mi. Igi kì í san owó ilé ìwé." Gbogbo ilé dákẹ́. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí pé mo ti múra ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, n kò sì múra owó oògùn sílẹ̀.

Bàbá Àgbà bi ìyá mi pé kí ni wọ́n rí sí i. Wọ́n ń fi tẹ̀sùbáà yí ìka. "Ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí ni," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ibi tí n ó máa rìn lọ."

N kò tún sọ ti ìwádìí kankan mọ́. Mo ní n ó máa san ìdajì owó oògùn Ìyá láti oṣù náà lọ, ohun tó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a wọn ilẹ̀ náà kí a tó pinnu. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló mú téèpù wá. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà kò lè wọlé láìgé igi. Ṣùgbọ́n mẹ́ta lè dúró ní apá òsì láìkan gbòǹgbò rẹ̀. Bàbá Àgbà ní kí a gé ẹ̀ka tó dà bo páànù, kí a sì fi mẹ́ta lọ oníṣòwò náà. Bí ó bá kọ̀, a ó wá ẹlòmíràn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn. Owó ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kì í ṣe owó mẹ́fà, n kò sì ní fi òwe bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, àwa ni a ń ra ilẹ̀ báyìí, àwa ni a ń kọ́lé. Kí a tó da kọnkéré bo gbogbo àgbàlá láti ògiri dé ògiri, ẹ jẹ́ kí a yọ igi kan sílẹ̀. Kí a má gbìn ín mọ́ ògiri, kí gbòǹgbò má baà la ilé. Kí a bomi rin ín ní ẹ̀rùn àkọ́kọ́ àti èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò mọ ọ̀nà omi fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ilé baba ẹni ni igi wà, kí a bá àwọn tó ń gbé ìdí rẹ̀ ru ẹrù wọn, kí a tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má gé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí n tó lọ sí gárèjì, mo bá ìyá mi rìn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ìdí igi náà tutù. A yí i po ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Èmi ni mo kọ́kọ́ wá bẹ́ǹṣì jókòó sí. Àwọn ṣì ní hóró tó kù láti fà.