Kọ́bọ̀ Wo Lẹ̀ Ń Wí?

Ìlaròó ni wọ́n bí mi sí, mo sì máa ń tẹ̀lé ìyá mi ná ọjà Ìdí-Ìrókò. Sẹ́fà làwọn ará òdìkejì ẹnubodè ń ná, pọ́n-ùn àti ṣílè làwa ń ná. Ìyá mi kò mọ̀wé, àmọ́ kó tó dá oníbàárà lóhùn, á kọ́kọ́ bi í pé, “Owó wo lẹ̀ ń wí?” Lẹ́yìn náà ló tó ń ṣírò.

Comprehensive High School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ayétòrò ní 1963 ni mo ti kọ́ ìṣirò. Ìṣirò ló gbé mi dé Èkó, sídìí kọ̀ǹpútà IBM 360, tí èdè assembler jẹ́ èdè wa pẹ̀lú rẹ̀. Bí 125 bá ti orí káàdì wọlé, F1 F2 F5 ni ẹ̀rọ ń rí, báìtì kan fún nọ́ńbà kan. Àṣẹ tó ń jẹ́ PACK á ká a pọ̀ di 12 5F, àmì á wà níparí. CVB á sọ ọ́ di òdo àti oókan nìkan, ká lè ṣírò. Bí a bá ṣe tán, CVD á dá a padà, pẹ̀lú C bó bá jẹ́ owó tó wà, D bó bá jẹ́ gbèsè.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Èyí kò le. Orúkọ ló fa wàhálà, torí kọ́bọ̀ náà la ti ń pe peni látijọ́, méjìlá rẹ̀ ló sì ń jẹ́ ṣílè. Sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, tọ́rọ́ di méjì ààbọ̀, àmọ́ peni kan ṣoṣo kò pé kọ́bọ̀ tuntun kan. A wá ń sọ gbogbo àkọsílẹ̀ di peni, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, a ó pín in sí méjìlá. Bí àṣẹ́kù bá tó mẹ́fà, a ó fi kọ́bọ̀ kan kún un.

Lóru ọjọ́ kan, iṣẹ́ owó oṣù dá dúró. Ìdájí la tó rí i: ẹni tó lu káàdì kan fi àyè tó kẹ́yìn sílẹ̀ lófìfo. 40 ni ẹ̀rọ fi ń kọ òfìfo. Bó bá wà níwájú, PACK á mú òdo rẹ̀, kò séwu. Bó bá wà níparí, 4 yẹn á bọ́ sí ipò àmì, ẹ̀rọ kò sì mọ 4 ní àmì. Láti òru yẹn, n kò jẹ́ kí nọ́ńbà kankan dé ọ̀dọ̀ PACK láìyẹ̀ ẹ́ wò.

PACK, CVB àti CVD ṣì wà nínú ẹ̀rọ ńlá IBM tòní. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Pólì Ìlaròó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wọn.