Ṣé Yóò Dúró, Àbí Kò Ní Í Dúró?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wa ní òkè Ọya níhìn-ín, ẹ kú ìkàwé o, ẹ sì kú ìnáwó epo jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rọ̀ epo yìí gan-an ló dá iyàn sílẹ̀ láàárín àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà.

Bí ètò tí a kọ bá ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta tí kò mú èsì wá, ṣé kí a pa á ni, tàbí kí a tún dáwó epo? Bí a bá pa á, ó lè jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan péré ló kù. Bí a bá sì ń dúró dè é, ó lè máa yípo títí ayé. Ọ̀kan nínú wa wá dábàá pé kí a kọ ètò asínnijẹ kan, tí yóò máa sín èyí tí a fẹ́ dán wò jẹ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ fún wa bóyá yóò dúró.

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀ lé èrò ọ̀nà lẹ́yìn, bí èrò náà kò bá délé, òun náà kò ní í délé.

Ẹ mú 27. Bí nọ́ńbà bá ṣeé pín sí méjì, ẹ pín in. Bí kò bá ṣeé pín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ fi 1 kún un. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi kan 1. Yóò gòkè dé 9,232 kí ó tó wá sọ̀ kalẹ̀, ìgbésẹ̀ 111 ni yóò sì gbà. Ẹni tó bá sú ní ìgbésẹ̀ 80 yóò búra pé kò lópin. Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì fi hàn pé gbogbo nọ́ńbà ni yóò kan 1.

Láti inú iṣẹ́ Alan Turing, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1936 ni a ti mọ̀ pé kò sí adájọ́ tó lè dá ẹjọ́ yìí fún gbogbo ètò. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ó wà. A ó kọ ètò olóríkunkun kan tí yóò gbé ara rẹ̀ lọ bá a. Bí adájọ́ bá ní, "Ìwọ yóò dúró," yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Bí ó bá ní, "O kò ní í dúró," ojú ẹsẹ̀ ni yóò dúró. Èyí tó wù kí ó sọ, irọ́ ni yóò já sí.

Èyí kò sọ asínnijẹ di aláìwúlò. Bí ó bá rí i pé ètò náà padà sí ipò tó ti wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, láìsí ìyàtọ̀ kankan, ó lè kéde pé ìyípo ni.

Ní tiwa, a ti ń kọ ètò wa báyìí kí ó máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí epo tó tán. Ẹni tó dábàá ọjọ́ sí ṣì ń bá wa jiyàn.