Ọgbọ́n Tí Mo Fi Àgádágodo Kọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ilé onílé, a sì máa ń bú onílé ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Èmi pẹ̀lú ti bú wọn rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 22, bàbá mi papò dà. Ilé oníyàrá mẹ́jọ tí ó kọ́ sí Agége, ní Èkó, wá di ohun tí èmi àkọ́bí rẹ̀ yóò máa mójú tó fún ìyá mi àti àwọn àbúrò mi.

Owó ilé tí mo gbà ní ọdún àkọ́kọ́, mo ná an tán pátápátá. Mo fi san owó ilé-ẹ̀kọ́, mo sì fi ìyókù ṣe fáàrí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé òrùlé a máa jò. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, omi ń dà sórí ibùsùn Ìyá Onírẹsì. Ó wá bá mi, ó ní, "Lánlọ́ọ̀dù wa, òjò kò jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn." Èmi tí ó lè bí lọ́mọ dá a lóhùn pé bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó wá ilé mìíràn lọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi san owó ilé mọ́.

Inú bí mi. Mo ra àgádágodo ńlá kan, mo sì ti yàrá rẹ̀ pa nígbà tí ó lọ sí ọjà. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ilé-ìwé dé, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Títí di òní, ojú wọn kò kúrò lójú mi.

Bàbá Akọ̀wé, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní kóòtù kí ó tó fẹ̀yìn tì, tí ó sì ń gbé ilé wa láti ayé bàbá mi, pè mí sí yàrá rẹ̀. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ilé ni tìrẹ, ṣùgbọ́n òfin ni ti gbogbo wa." Ó ṣàlàyé pé òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kò gba onílé láàyè láti fi ipá lé ayálégbé jáde. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ìwé ìkìlọ̀ oṣù 1 ni ti ẹni tí ó ń san owó lóṣooṣù, oṣù 6 ni ti ẹni tí ó ń san án lọ́dọọdún. Ìwé ọlọ́jọ́ 7 ni ó tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ ṣí àpótí bàbá rẹ."

Ìwé kékeré kan ni mo bá níbẹ̀. Orúkọ ayálégbé kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ó wọlé, àti iye tí ó san. Nínú náírà 10 tí ó bá wọlé, bàbá mi a ya 2 sọ́tọ̀, a sì kọ "ti ilé" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Owó òrùlé àti owó kànga, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí àgádágodo, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Onírẹsì. Mo yá owó, mo tún òrùlé ṣe. Òun náà sì san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.

Èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè wá ronú sí ọ̀rọ̀ náà, ayálégbé. Ní èdè wa, ẹni tí ó fún ni ní owó yá ni lówó. Ẹni tí ó gbà á náà yá owó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni onílé àti ayálégbé rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ óò jogún ilé tàbí tí ẹ óò kọ́ ọ lọ́la, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Ẹ máa fún ni ní rìsíìtì. Ẹ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ mọ òfin, kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún àgbà tí ó ń san owó fún yín. Àgádágodo mi ṣì wà nínú àpótí bàbá mi, lórí ìwé kékeré náà. Bí mo bá fẹ́ kọ iye owó tí ó wọlé, mo ní láti kọ́kọ́ gbé e kúrò.