Owó tí Kò Dé Ilé

Àwọn àgbà wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n bí onílé kò bá tíì lè relé, owó tí ó ń fi ránṣẹ́ ni ó ń bá a dé ibẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kano, tí àwọn ènìyàn wa sì ń gbé ní Sabon Gari, ni owó ti ń gba ọ̀nà yìí lọ sílé: owó ilé ìwé, owó oògùn, owó ìsìnkú, owó òrùlé.

Ní ayé àwọn bàbá wa, awakọ̀ tàbí ará ilé tí ń lọ sílé ni a ń fi owó rán, tàbí kí a gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí owó náà kò bá dé, a mọ ẹni tí a ó bi. Lónìí, inú fóònù ni owó ń gbà, a kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí kò bá dé, ará ilé wa ni a máa ń fura sí, òun náà a sì máa fura sí wa. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa fi N40,000 ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ọ̀fà fún oògùn ìyá wọn. Fóònù rẹ̀ sọ pé owó ti jáde. Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí nǹkan kan o." Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé irọ́ ni mo ń pa fún ọ ni?" Láti orí ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àbúrò lọ yá owó ra oògùn náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú àwa àgbà, mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba ìwé àkọsílẹ̀ àkáùǹtì rẹ̀ wá láti báńkì. A kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe tán, owó náà ti padà sínú àkáùǹtì rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin. Ó bọ́ sáàárín owó ọjà tí àwọn oníbàárà ń san sí i, kò sì ṣàkíyèsí rẹ̀. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ó yẹ kí a mọ bí owó yìí ṣe ń rìn. Ilé mẹ́ta ni ó ń gbà kọjá. Èkínní ni báńkì ẹni tí ń fi ránṣẹ́. Èkejì ni NIBSS, ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1993, tí CBN àti àwọn báńkì jọ ni. Láti 2011 ni ó ti ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ni báńkì tàbí àpò owó orí fóònù ẹni tí yóò gbà á. Ilé kìíní lè yọ owó kúrò kí ọ̀nà tó dí ní àárín, tàbí kí ilé kẹta má dáhùn. Gbogbo wa rántí January sí March 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n, tí gbogbo ayé ya sórí fóònù, tí ọ̀nà náà sì há bí ọjà Kurmi. Nítorí náà, alert pé owó ti jáde ní ilé kìíní kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti wọ ilé kẹta.

Bí owó bá kọ̀ láti jáde rárá, ìdí rẹ̀ sábà máa ń wà nítòsí. Owó inú àkáùǹtì lè má tó nígbà tí a bá ro owó iṣẹ́ báńkì mọ́ ọn. Ó lè ti kọjá òpin ọjọ́ kan: òfin CBN ti 2018 fi N100,000 ṣe òpin lójúmọ́ fún ẹni tí ń lo USSD, àfi bí ó bá buwọ́ lùwé fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò owó orí fóònù náà ní ìpele; bí ti ìyá wa nílé bá wà ní ìpele àkọ́kọ́, ó lè kún débi pé kò ní gba owó mọ́. Ní December 2023, CBN sì pàṣẹ pé láti 1 March 2024, kí a ti ìlẹ̀kùn àkáùǹtì àti àpò owó tí kò ní BVN tàbí NIN. Ẹ bi àwọn ará ilé yín bóyá wọ́n ti ṣe é.

Nígbà tí owó bá ti jáde tí kò sì dé, ohun tí a ó ṣe nìyí. Èkínní, ẹ má tún un fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì, kí ẹ̀yin àti ẹni tí ń gbà á wo iye tí ó wà nínú àkáùǹtì gan-an. Alert a máa pẹ́, àwọn oníjìbìtì sì ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Nọ́ńbà gígùn kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Session ID, 30 ni iye òǹkà rẹ̀. Òun ni báńkì méjèèjì fi ń wá owó náà. Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ẹjọ́ sun báńkì tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ CBN. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pè yín pé òun fẹ́ bá yín wá owó náà, tí ó sì ń béèrè PIN, olè ni.

Èyí tí ó ga jù ni ti ẹnu wa. Ẹni tó wà nílé gbọ́dọ̀ lè sọ pé, "Kò tíì dé," láìbẹ̀rù, kí ẹni tó wà ní ìdálẹ̀ sì dáhùn pé, "Jẹ́ kí a jọ wá a." Bí ó bá jẹ́ owó oògùn, ẹ tètè sọ fún ẹgbẹ́, kí a lè wá ọ̀nà mìíràn kí aláìsàn má baà jìyà. Owó tí ó há sọ́nà ṣì lè padà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí owó tí a ó máa fi ránṣẹ́, kí ó sì máa dé ọwọ́ ẹni tí a rán an sí. Àmín.