Ìdàrọ́ Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí a kọ́kọ́ rán mi sí ìjọ abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, mo bá òkìtì ìdàrọ́ ńlá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ilé-ìwé kó o lọ dí kòtò ojú ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kó o, mo sì yìn wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni mo ka ìròyìn tí Ọ̀gbẹ́ni C. V. Bellamy kọ ní 1904, nípa ìletò kan létí Ọ̀yọ́ tí ó pè ní Ola-Igbi, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin nínú iléru amọ̀. Nǹkan bí wákàtí 36 ni iná fi ń jó. Èmi ti rò pé ẹwìrì ni wọ́n ń fẹ́; rárá o, inú ọ̀pá amọ̀ oníhò ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fúnra rẹ̀. Pàǹtí tí ó ya kúrò lára irin ni ìdàrọ́. Ìtàn ìlú ni mo ti fi dí kòtò!

Mo tọ bàbá arúgbó kan lọ, ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ó wò mí títí, ó ní, “Tísà, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ sọ pé ti Ògún ni?” Ojú tì mí, nítorí òótọ́ ni mo wí bẹ́ẹ̀ lórí àga ìwàásù, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Tubali-Kaini. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó mú mi lọ sí etí odò tí àwọn obìnrin ti ń fọ òkúta irin, ó sì ròyìn bí irin òyìnbó, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣe lé wọn kúrò nídìí iléru.

Ó ti fi èkúfọ́ ìdàrọ́ kan pamọ́ sí ìyẹ̀wù rẹ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wà lórí tábìlì kíláàsì nísinsìnyí.