Bí Kílókànyín Ṣe Kọ́ Láti Dákẹ́

Ìbejì ni wá, takọ-tabo, yàrá méjì kan la sì jọ ń gbé ní Agbowó, nílùú Ìbàdàn. Torí náà, bí ẹ bá ti ń rí "a" àti "wa" nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, ẹ má rò pé ọlá la fi ń ṣe o. Àwa méjèèjì la jọ ni ajá náà, àwa méjèèjì la jọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ onílé, àwa méjèèjì náà la sì jọ dúró síwájú bàbá wa lọ́jọ́ tí wọ́n bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan tí a ò rí dáhùn.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó jápa lọ sí Kánádà ló fi ajá náà sílẹ̀ fún wa. Ajá ìbílẹ̀ ni, irú èyí tí gbogbo àdúgbò máa ń pè ní Bíńgó, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì tẹ̀. Orúkọ tó ti ń jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni Kílókànyín. Ẹ̀yin náà mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ ajá lórúkọ. Orúkọ ajá kì í ṣe ti ajá, ti aládùúgbò ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹnìkejì, tí kò sì fẹ́ kí ọ̀ràn náà di ẹjọ́, á ra ajá, á sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, á wá máa pè é láàárọ̀ lálẹ́ lábẹ́ fèrèsé onítọ̀hún. Ọ̀rẹ́ wa mọ ẹni tó ń bá wí. Àwa ò mọ̀ ọ́n. Àwa kàn ń dúró lẹ́nu géètì, à ń pariwo "Kílókànyín! Kílókànyín!" nígbà tí bàbá onílé wa jókòó síwájú ilé, tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn.

Kílókànyín mọ̀ ọ́n gbó. Bí ọ̀kadà bá kọjá, á gbó. Bí àwọn tó ń ra irin àlòkù bá lu agogo wọn, á gbó. Ajíhìnrere tó máa ń gba àdúgbò wa kọjá ní aago márùn-ún ìdájí ò tíì ní sọ̀rọ̀ méjì tí Kílókànyín á ti máa bá a gbè é. Bí wọ́n bá mú iná dé, tí àwọn ọmọdé pariwo "Ọ́ọ̀pù NEPA!", ajá wa á gbó títí iná á fi tún lọ. Ó tún wá burú jù bí àwa méjèèjì bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí a so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwa ń rẹ́rìn-ín sí i. A tiẹ̀ ń ká a sórí fóònù, à ń gbé e sí WhatsApp.

Àǹtí kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn wa. Ojú wọn pọ́n, ó sì wú. Wọn ò pariwo.

"Táyé, Kẹ́hìndé, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mi ò fojú kan oorun. Lóru àná, díẹ̀ báyìí ló kù kí n gbé oògùn ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Ọlọ́run ló yọ mí."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ohun tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù ló fẹ́ kó bá ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí, tó sùn jẹ́jẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà bàbá onílé dé: oṣù kan. Kí ajá lọ, tàbí kí àwa àti ajá jọ lọ.

Ọmọ tísà ni wá, pàṣán la mọ̀. Bí Kílókànyín bá ti gbó, a ó jágbe mọ́ ọn. Bí kò bá dákẹ́, sílípáàsì á bà á. Á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Táíwò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ bàtà rẹ̀. Inú ò bí i, kò sọ nǹkan kan. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan bàtà báyìí, ajá náà nà gbalaja sílẹ̀, ó sì tọ̀. A wo ara wa. Àwa náà ti tọ̀ sára rí, nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, bí a ṣe gbọ́ ìró bàtà bàbá wa lójúde.

Alẹ́ ọjọ́ náà la bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ivan Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904, ló ṣàkíyèsí pé itọ́ máa ń jáde lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó dé, bó bá ṣáà ti gbọ́ ohun tó máa ń ṣáájú oúnjẹ. B. F. Skinner ní Amẹ́ríkà wá fi hàn lẹ́yìn náà pé ohun tí ẹranko bá ṣe, tó sì rí èrè níbẹ̀, yóò tún un ṣe. Èyí tó wọ̀ wá lára jù ni ti Karen Pryor, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ àwọn dolphin ní Hawaii ní àwọn ọdún 1960. Ta ló fẹ́ fi pàṣán lé dolphin nínú omi? Bí inú bá bí i, á kàn lúwẹ̀ẹ́ lọ ni. Fèrè àti ẹja ni wọ́n fi ń kọ́ ọ: bó bá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́, fèrè á dún, ẹja á tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1984, ó kọ ìwé kan lórí ọ̀nà yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ajá ló sì ń lò ó dòní.

Bí a ṣe kà á tán, Kẹ́hìndé bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe 'yin ni yin ni, kẹ́ni lè ṣe òmíràn' nìyí?" Òun náà mà ni. Ṣebí ọdẹ tí ajá ẹ̀ bá a lé ẹran máa ń fún ajá náà nínú ẹran ọ̀hún. Òwe la ní, pàṣán la ń lò.

A tún kẹ́kọ̀ọ́ ohun tí pàṣán wa ti ń ṣe. Ajá tí wọ́n ń nà nígbàkigbà tí àlejò bá dé kì í mọ̀ pé gbígbó òun ló fa ìyà. Ohun tó mọ̀ ni pé àlejò dé, ìyà dé. Ẹ̀rù àlejò á wá máa bà á sí i, ẹ̀rù náà ló sì ń mú un gbó. Bí wọ́n bá wá nà án títí tí kò kùn mọ́, ó lè gé ènìyàn jẹ láìkìlọ̀. Àti igbe tí à ń ké mọ́ ọn yẹn ńkọ́? Lójú tiẹ̀, àwa náà ń bá a gbó ni.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ìwé la mú, à ń kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ló gbó, kí ló rí, kí ló gbọ́, kí ni àwa ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, a rí i pé oríṣi gbígbó mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó ní èyí tó fi ń lé ohun tó ń kọjá lẹ́nu géètì, ó ní èyí tó fi ń sunkún pé òun nìkan ló wà nílé, ó sì ní èyí tó fi ń pè wá pé kí a wá bá òun ṣeré. Ọ̀tọ̀ ni oògùn kálukú wọn.

Ti àkọ́kọ́, a fi tapólì bo ìsàlẹ̀ géètì kó má baà máa rí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. A ra ẹ̀dọ̀ adìẹ ní ọjà Bódìjà, a bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí i (májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá o), a sì gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé. Bí ọ̀kadà bá ti ń bọ̀ lókèèrè, kí Kílókànyín tó la ẹnu, ẹ̀dọ̀ á ti bọ́ síwájú ẹ̀. Bó bá ti gbó ná, a ó sọ pé "Dákẹ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, a ó wá dúró. Kò sí ajá tí kì í mí. Ìgbà tó bá dánu dúró láti mí yẹn gan-an la ó sọ pé "Káre!", ẹ̀dọ̀ á sì dé ẹnu ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú ẹsẹ̀ o. Bí ẹ bá fi falẹ̀, tó tún ti gbó, gbígbó lẹ sanwó fún yẹn. Ìṣẹ́jú àáyá méjì la fi bẹ̀rẹ̀, a lọ sí márùn-ún, a lọ sí mẹ́wàá.

Ti ìkejì, a tú u kúrò nídìí máńgòrò. Kí a tó lọ síbi iṣẹ́, ọ̀kan nínú wa á mú un rìn yí àdúgbò ká, lẹ́yìn náà a ó fọ́n oúnjẹ àárọ̀ ẹ̀ sínú koríko ẹ̀yìnkùlé kó máa fi imú wá a. Ó yà wá lẹ́nu bó ṣe máa ń sùn fọnfọn lẹ́yìn iṣẹ́ imú yẹn.

Ti ìkẹta ló le jù. Bó bá ń gbó pè wá, a kì í dá a lóhùn, a kì í wojú ẹ̀. Ìgbà tó bá dákẹ́ la ó tó jáde sí i. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, gbígbó náà le sí i ni, bí ọmọ tó mọ̀ pé bí òun bá ti sunkún dé ibì kan, wọ́n á gbé òun. A ti kà á tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jáwọ́. Díẹ̀ ló kù kí àwa náà jáwọ́.

A lọ bá àǹtí nọ́ọ̀sì, a bẹ̀ wọ́n, a ṣàlàyé pé ariwo á le díẹ̀ kó tó rọ̀. Wọ́n wò wá títí. "Ẹ bu ẹ̀dọ̀ fún èmi náà," ni wọ́n wí. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ṣí fèrèsé, èébú ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n á dúró kí ajá dákẹ́, wọ́n á sọ "Káre," wọ́n á ju ẹ̀dọ̀ sí i, wọ́n á padà lọ sùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni bàbá wa dé láti Ọ̀yọ́. Àwọn ni wọ́n ṣe onídùúró wa nígbà tí a gba ilé, onílé sì ti pè wọ́n lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe wọlé, Kílókànyín bẹ̀rẹ̀. Bàbá gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn sókè. Àwa méjèèjì pariwo pa pọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án!"

A ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wọn rí, àní nígbà tó jẹ́ ẹ̀yìn wa ni ọ̀pá náà ń bọ̀ wá bà. Kẹ́hìndé dọ̀bálẹ̀, Táíwò kúnlẹ̀, a sì ń ṣàlàyé: pé ẹ̀rù ló ń ba ajá náà, pé bí wọ́n bá nà án, ẹ̀rù náà á pọ̀ sí i, pé kò ní mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe nìkan ni yóò mọ̀, pé ó sàn kí a wá ibi tó ti ṣe dáadáa ká yìn ín. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n gbé ọ̀pá lé orúnkún.

Wọ́n ní, "Ṣé èmi lẹ̀ ń fi ajá bá wí?"

A ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. A ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ajá gan-an dákẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó nawọ́. "Kí lẹ ní kí n máa wí?" A sọ fún wọn. Wọ́n gba ẹ̀dọ̀, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a ṣe ní kí wọ́n ṣe, kí ajá má baà rò pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ òun. Kílókànyín sún mọ́ wọn. "Káre," ni bàbá wa wí, ohùn wọn há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ń sọ èdè tí kò mọ̀ dáadáa. Táíwò dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìkòkò lórí iná. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Wọn ò yìn wá kí wọ́n tó lọ. Ní gáréèjì, "Ẹ tọ́jú ara yín" tí wọ́n máa ń sọ náà ni wọ́n sọ.

Nígbà tí oṣù kan pé, àwa fúnra wa la lọ bá bàbá onílé. Kílókànyín ṣì ń gbó. Ajá ni, a ò lè mú un yadi, a ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, á wo ojú wa, á sì dákẹ́. Bàbá ní àwọn ti ṣàkíyèsí. Wọ́n ní ká jókòó síbi tá a wà, ohun kan ṣoṣo ló kù. "Ṣé ẹ ò lè wá orúkọ mìíràn fún un? Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń pariwo kí ló kàn mí, kí ló kàn mí, nínú ilé tí mo fowó mi kọ́!"

Ojú tì wá débi pé a ò mọ ìgbà tí a dọ̀bálẹ̀. Àǹtí nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ tuntun: Jẹ́nsùn. Ọjọ́ bíi mélòó kan la fi ń pè é bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó tó mọ̀ pé òun ni.

Bàbá wa pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n béèrè ajá kí wọ́n tó béèrè wa. "Ṣé ẹ ṣì ń fún un lẹ́dọ̀ lójoojúmọ́?"

A ní rárá, pé à ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀dọ̀ á wà, nígbà mìíràn "Káre" nìkan ti tó o.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, bàbá."

Wọn ò fèsì. À ń gbọ́ mímí wọn lórí fóònù. Àwa náà dúró, a ò sọ nǹkan kan, títí owó ìpè wọn fi tán.